Ẹ Gba Tèmi Lọ́wọ́ Mi: Ìyá Àgbà àti Ọ̀rọ̀ Owó Orí

Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti lọ, òórùn búrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ kí n tó rántí ojú wọn. Mo lè wà ní Àkúrẹ́, nínú yàrá mi, kí fèrèsé wà ní títì, kí òórùn yẹn kàn wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Á dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ wọn á yọ, tó funfun fún fúláwà títí dé ìgbọ̀nwọ́, lẹ́yìn ọwọ́ ni súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí wọn kì í bọ́ lọ́rùn nínú òjò nínú ẹ̀rùn, ojú wọn ló sì máa ń dé kẹ́yìn. Bí ojú náà bá sì ti dé, wọ́n ti ń bá ẹnì kan jiyàn nìyẹn.

Dọ́káàsì ni orúkọ wọn. Ìyá tó bí Délé, bàbá mi, ni wọ́n, oníbúrẹ́dì ni wọ́n ní ìlú Oǹdó. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n dáadáa lè rò pé búrẹ́dì ni olórí ọ̀rọ̀ ayé wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó orí ni. Mo mọ̀ pé ó ń pani lẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ẹlòmíì a máa pàlọ́ fún ọmọ ọmọ, tèmi a máa bi mí pé ta ló yẹ kó san owó orí, àti pé lórí kí ni ó yẹ kí ìjọba ti gbà á: ṣé lórí ohun tó wọlé fún ènìyàn ni, àbí lórí ohun tí ènìyàn rà lọ́jà? Wọ́n lè bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wá kí wọn kú ọdún. Ìgbà kan wà tí àlùfáà ìjọ wa wàásù pé kí onígbàgbọ́ máa fi ìdùnnú san owó orí. Ìyá Àgbà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, wọ́n wá ní: "Ọ̀rọ̀ yín dùn, sà. Èwo nínú wọn ni ká fi ìdùnnú san?"

Wọn kì í lo òṣùwọ̀n. Wọ́n á gbé fúláwà tí wọ́n ti pò lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á dijú bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á já díẹ̀ kúrò níbẹ̀ tàbí kí wọ́n fi díẹ̀ sí i, wọ́n á wá jù ú sínú agolo. Wọ́n tún máa ń bá ààrò sọ̀rọ̀. Láàárọ̀, nígbà tí ìkùukùu bá ṣì bo òpópónà tí èèyàn ò rí ilé òdìkejì, wọ́n á ṣílẹ̀kùn ilé búrẹ́dì, ààrò ni wọ́n á sì kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó kí òṣìṣẹ́ kankan. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé. Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni orí mi ò pé. "Ó ń jóná nítorí mi lójoojúmọ́, Ṣadé. Kí ló dé tí mi ò ní kí i?"

Ẹni tí wọ́n ń bá jiyàn jù ni ọkọ wọn, bàbá àgbà mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tíṣà. Ọmọ Àkúrẹ́ ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ ní Oǹdó débi pé irun wọn funfun síbẹ̀, ṣùgbọ́n "ulé" ni wọ́n ṣì ń pe ilé títí dòní. Ilé ìwé ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Owó orí tiwọn, inú owó oṣù ni ìjọba ti máa ń yọ ọ́ kí ó tó dé ọwọ́ wọn, wọn ò fìgbà kan rí i sójú. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi dùn wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ooru bá ti rọlẹ̀, tí eruku ojú ọ̀nà bá ń wálẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń wọ̀, àwọn méjèèjì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Bí inú Ìyá Àgbà bá dùn, "ẹ" ni wọ́n ń pe ọkọ wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná, á di "o". Láti inú ilé, èmi a máa fi ìyẹn mọ ibi tí nǹkan dé.

"Ẹni tó ní púpọ̀ kó mú púpọ̀ wá," Bàbá Tíṣà á wí. "Ẹni tó ní díẹ̀ kó mú díẹ̀ wá. Orí ohun tó wọlé féèyàn ló yẹ kí owó orí wà. Kí ni ìṣòro ibẹ̀?"

"Ta ni yóò wo ohun tó wọlé fún mi? Ẹ̀yin, owó oṣù yín wà nínú ìwé ìjọba. Tèmi wà nínú ààrò. Ṣé wọ́n á wá ki orí bọ inú ààrò mi ni? Kí wọ́n gbé owó orí lé ọjà. Ẹni tó bá ra nǹkan, kó san án níbẹ̀. Ẹni tí kò bá rà, kó lọ sùn. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń lé ẹnikẹ́ni."

"Ìyá Délé, opó ń jẹ búrẹ́dì, ọlọ́lá náà ń jẹ ẹ́. Ṣé iye kan náà ni kí àwọn méjèèjì wá san fún ìjọba?"

"Ìwọ Tíṣà, wọn ò lé bàbá tìrẹ wọ igbó rí."

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn náà máa ń parí sí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ìtàn bàbá tó bí Ìyá Àgbà. Wọ́n wá kí wa ní Àkúrẹ́, èmi ni mo ń sìn wọ́n padà sí Oǹdó, ni mọ́tò wa bá bàjẹ́ ní Ọ̀wẹ̀nà. Dẹ́rẹ́bà ní ká sọ̀ kalẹ̀. Èmi àti Ìyá Àgbà jókòó sórí òkúta kan nítòsí afárá. Odò ń lọ jẹ́jẹ́ lábẹ́ wa, òwúsúwusù ń gòkè láti ojú omi, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ariwo kankan. Bóyá omi yẹn ló fà á. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwò mí.

Wọ́n ní olóko kòkó ni bàbá àwọn, ó sì ra páànù, ó fi bo ilé rẹ̀. Lásìkò náà páànù ò wọ́pọ̀. Ọdún tí kòkó ṣe dáadáa kan ṣoṣo ló fi rà á. Nígbà tí àwọn tó ń ka owó orí dé, wọn ò bèèrè iye tó wọlé fún un. Òrùlé ni wọ́n wò. Wọ́n ní ẹni tó ní páànù, ọlọ́rọ̀ ni, wọ́n sì kọ owó orí ọlọ́rọ̀ fún un. Kò rí i san. Ni àwọn akódà, àwọn ìránṣẹ́ kóòtù tó máa ń mú ẹni tó bá jẹ gbèsè owó orí, bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Bí wọ́n bá ti dé, bàbá wọn á sá wọ inú oko, Ìyá Àgbà, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ni yóò sì máa wá a kiri láàárín igi kòkó pẹ̀lú abọ́ iṣu lórí, tí yóò máa pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ló wá ṣe?" mo bèèrè.

"Ó tú páànù náà kúrò." Wọ́n fi ọwọ́ wọn ṣe bí ẹni tó ń ṣí nǹkan sókè. "Ó fi ewé bo ilé padà. Wọ́n wá wò ó, wọ́n dín owó orí rẹ̀ kù. Ọdún yẹn, òjò ò dúró. Inú omi la sùn. Ikọ́ tó mú un lọ́dún náà, ikọ́ yẹn ló gbé e lọ."

Mo di ọwọ́ wọn mú, wọn ò jẹ́ kó pẹ́. Dẹ́rẹ́bà ti ń pè wá. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn yẹ̀rì wọn, wọ́n ní: "Kò sí ẹni tó bi í léèrè pé kí ló wà nínú ìkòkò rẹ̀. Òrùlé ni wọ́n ń wò."

Nítorí náà, nígbà tí nǹkan le, tí ìjọba wá ní òun fẹ́ gbé owó orí lé ọjà, inú ìyá mi àgbà dùn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ òfin náà. Àwọn ọdún yẹn, mo ti ń ṣe tíṣà ní Ọ̀bà-Ilé. Owó oṣù wa kì í dé. Bó bá dé, kì í tó. Fúláwà ń gòkè, epo ń gòkè, àwọn ènìyàn ń rù, wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń lá àlá lójú ọ̀nà. Ìyá Àgbà ni olórí ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì ní Oǹdó nígbà náà. Wọ́n lọ láti ilé búrẹ́dì kan dé òmíràn, wọ́n ń ṣàlàyé pé tuntun yìí ló dára, pé kò ní sí akódà mọ́, kò ní sí pé wọ́n ń fi ojú díwọ̀n ọrọ̀ ènìyàn mọ́. Wọ́n ṣe búrẹ́dì oníṣúgà, wọ́n pín in fún àdúgbò. Bàbá Tíṣà ò jẹ nínú rẹ̀. "Kì í ṣe pé ebi ò pa mí," wọ́n sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mò ń dúró ni."

Ohun tí wọ́n ń dúró dè kò pẹ́ kó tó dé. Owó orí náà gun orí búrẹ́dì, búrẹ́dì wọ́n sí i. Obìnrin kan wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, opó ni, Ìyá Ìbejì là ń pè é. Ọ̀dọ́ ni, kò ju èmi lọ. Àárọ̀ àárọ̀ ló máa ń ra búrẹ́dì kékeré kan fún àwọn ìbejì rẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Ó wá di pé ó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, a ò rí i mọ́.

Mo wà níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ tí Ìyá Àgbà rí nǹkan tí wọ́n rí. Ọkùnrin ọlọ́lá kan, tí mọ́tò rẹ̀ ń dán bí omi, dúró, ó ra búrẹ́dì kékeré kan náà fún ajá rẹ̀. Ó sọ ọ́ gbangba pé ajá ni. Ó san owó, ó san owó orí, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo eruku tí mọ́tò náà fi sílẹ̀ títí eruku náà fi tán. Wọ́n ní kí n bá àwọn kálọ.

Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì la lọ. Ìyá Ìbejì ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa.

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Ìyá Àgbà bèèrè.

"Rárá o, Mà. Búrẹ́dì ló ga ju ọwọ́ mi lọ."

"Kì í ṣe èmi ni mo gbé e sókè. Owó orí ìjọba ni."

"Mo mọ̀, Mà. Ẹ má bínú." Ó ń wo ẹ̀fọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Àmọ́ ọwọ́ yín ni mo ti ń rà á."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú rárá. Ìyá Àgbà padà sílé, wọn ò jiyàn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Bàbá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá fi í sílẹ̀. Wọ́n ń wo ìyàwó wọn bí ẹni tó ń wo ẹni tó ń ṣàìsàn.

Lẹ́yìn náà ni ìpàdé wáyé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọba rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Àkúrẹ́, aṣọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ tutù. Ó wá kìlọ̀ fún àwọn oníbúrẹ́dì pé àwọn kan ń ta ọjà láìgba owó orí náà, pé wọ́n máa ti ilé iṣẹ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pa. Kò halẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tètè parí kó lè lọ jẹun. Ó ní, "Mo gbọ́ pé Màmá olórí ẹgbẹ́ ti gba òfin yìí tọkàntọkàn. Kí wọ́n bá wa bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀."

Ìyá Àgbà dìde. Súwẹ́tà aláwọ̀ ewé náà wà lọ́rùn wọn. Mo rò pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìtàn páànù ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ ọ́ ní gbangba rí, kódà bàbá mi, ọmọ wọn, kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, a sì ń gbọ́ ẹyẹ lórí òrùlé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní:

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn owó orí ọjà. Mo rò pé kì í lé ẹnikẹ́ni. Ó ń lé ènìyàn. Ó lé Ìyá Ìbejì kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, èmi ni mo sì jẹ́ akódà tó lé e." Wọ́n yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ọmọ mi, ẹ máa bọ̀ nílé búrẹ́dì mi lọ́la. Mo máa ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, fúláwà tó wọlé, búrẹ́dì tó jáde. Ẹ wo èrè mi. Ẹ gba tèmi lọ́wọ́ mi. Ẹ má fi ọwọ́ mi gba ti opó."

Ó ya èmi tó mọ̀ wọ́n lẹ́nu. Obìnrin yìí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tojú bọ ààrò òun láti ọjọ́ tó ti dáyé, òun ló ń pe ìjọba wọlé.

"Màmá," ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn, ojú sì tì í díẹ̀, "òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rà ni kó san án. Ẹ̀yin ẹ kàn máa bá wa gbà á."

"Mo ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ láyé mi," Ìyá Àgbà wí. "Mi ò ní ṣe ìyẹn."

Wọ́n jókòó. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn ò pàtẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ wọn kan, tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kọjá lára wọn lẹ́nu ọ̀nà láìkí wọn.

Ìjọba ti ilé búrẹ́dì náà pa. Wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi ṣéènì dì í. Bàbá mi wá láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú ìbínú. "Mọ́mì, ta ló rán yín níṣẹ́? Ẹ̀yin nìkan lẹ máa tún Nàìjíríà ṣe?" Ìyá Àgbà ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n jẹun.

Ohun tí mi ò ní gbàgbé ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà jí bí wọ́n ṣe máa ń jí, wọ́n wọ súwẹ́tà, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn títì náà. Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn mọ̀. Ìkùukùu bo wọ́n mọ́lẹ̀. Láti ojú fèrèsé, mo rí i pé ẹnì kejì ń rìn bọ̀ nínú ìkùukùu náà pẹ̀lú ọ̀pá. Bàbá Tíṣà ni. Wọn kì í tètè jí. Wọ́n jókòó ti ìyàwó wọn, wọ́n gbé ọ̀pá sáàárín ẹsẹ̀. Mo lọ bá wọn pẹ̀lú tíì gbígbóná.

"Má rò pé o borí," Ìyá Àgbà ń wí.

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀ pé ò ń sọ ọ́ nínú."

"Ohun tí mò ń sọ nínú ni pé òtútù ń mú mi," Bàbá Tíṣà fèsì. "Sún mọ́ mi."

Ìyá Àgbà sún mọ́ wọn. Àárọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń jókòó bẹ́ẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá Tíṣà, tó ti fi gbogbo ìgbéyàwó wọn sọ pé owó orí ọjà ń jẹ tálákà run, kò rán ìyàwó wọn létí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá Ìbejì a máa gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún wọn, kì í dúró sọ̀rọ̀.

Òfin ò yí padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló padà wá, láìwọ mọ́tò ìjọba. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, ó ní òfin fẹ́ kí owó náà wọlé, òfin kì í bèèrè àpò tó ti jáde. Bí Màmá bá fẹ́ mú ti búrẹ́dì kékeré láti inú èrè tiwọn, tí wọn ò sì fi kún iye tí wọ́n ń tà á, kò sí ẹni tó máa bá wọn wí. Ìyá Àgbà wo ọkọ wọn. Bàbá Tíṣà mi orí pé kí wọ́n gbà. Wọ́n já ìwé pupa kúrò.

Ó ná wọn ní nǹkan. Wọ́n ta mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé búrẹ́dì lọ sí abúlé. Ààrò ńlá kú, ti kékeré nìkan ló ṣẹ́ kù. Ọ̀rẹ́ wọn tó kọjá láìkí wọn ló wá ń ta búrẹ́dì jù ní Oǹdó, kò sì sí ìyà tó jẹ ẹ́. Ìyá Ìbejì ń ra búrẹ́dì rẹ̀ láàárọ̀. Mo bi Ìyá Àgbà lẹ́yìn ọdún púpọ̀ bóyá wọ́n kábàámọ̀. Wọ́n ronú sí i dáadáa, wọ́n ń fi ìka fa ìlà sínú fúláwà orí tábìlì. "Ó dùn mí nítorí mọ́tò yẹn," wọ́n ní. "Mọ́tò tó dára ni."

Oorun ni wọ́n sùn, wọn ò jí. A sin wọ́n sí Oǹdó, àwọn èrò sì lọ. Mo dúró ti Bàbá Tíṣà kí ilé má ṣe dá jù. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n jókòó, mo jókòó sí òdìkejì wọn. Oòrùn ń wọ̀.

"Ṣadé," wọ́n wí, "bí mo ṣe rò ó sí, owó orí ọjà ló dára jù. Kò sí ẹni tó ń sá fún un."

Mo wò wọ́n. Gbogbo ayé wọn, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé ọjọ́ orí ni, pé nǹkan ti ń dàrú mọ́ wọn lójú. Mo wá rí ojú wọn, bí wọ́n ṣe gbé e sí mi, tí wọ́n ń dúró.

"Dá mi lóhùn," wọ́n ní. "Èmi ni mo ń ṣe ti ìyá rẹ àgbà lónìí. Ìwọ ṣe tèmi."

Mo gbìyànjú. Mo ní ẹni tó ní púpọ̀ ló yẹ kó mú púpọ̀ wá.

"Ta ni yóò wo ohun tó wọlé fún mi, ìwọ Tíṣà?" Bàbá mi àgbà dáhùn. "O" ni wọ́n fi pè mí, bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá gbóná. Wọ́n sì ń jiyàn náà lọ, wọ́n ń jà fún un pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, kí ó má bàa di pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú ìjà ọ̀hún.